Àgbáyé, Big Bang àti àwọn àbá tó yapa: ìdáhùn sí ìbéèrè tí kì í tán ní Ifẹ̀ àti Iléṣà

Akẹ́kọ̀ọ́, òbí, olùkọ́ ilé-ìwé girama àti àwọn tó ń wo fídíò lórí fóònù ní Ilé-Ifẹ̀ àti Iléṣà ló ń béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí léraléra. A tò wọ́n láti orí èyí tó rọrùn dé orí èyí tó ta kókó. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó bá wù yín.

Kí ni Big Bang gan-an? Ṣé bọ́ǹbù kan ló bú gbàmù?

Rárá o. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ ni pé ìgbà kan wà tí àgbáyé gbóná kọjá àfẹnusọ, tí gbogbo ohun inú rẹ̀ fún mọ́ra pinpin. Láti nǹkan bí 13.8 bílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn ló ti ń fẹ̀, tó sì ń tutù. Kò sí ojúkò kan tí ẹ lè nawọ́ sí pé ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín àwọn gálásì, ìyẹn àwọn agbo ìràwọ̀ ńláńlá, ló ń gbòòrò, níbi gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà.

Ta ló wà níbẹ̀ tó rí i? Ẹ̀rí wo ló wà?

Kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀. Ohun tó kù sílẹ̀ ni a ń kà. Mẹ́ta nínú àwọn ẹ̀rí náà ló lágbára jù, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni wọ́n gbà dé ọwọ́ wa.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì tó jìnnà máa ń fà sí pupa, nítorí àlàfo tó ń fẹ̀ ń na ìgbì ìmọ́lẹ̀ gùn; bí wọ́n bá sì ṣe jìnnà tó ló ṣe ń fà tó. Georges Lemaître, àlùfáà Kátólíìkì ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, ti ṣe ìṣirò èyí ní 1927. Edwin Hubble tẹ ìwọ̀n tirẹ̀ jáde ní 1929. Ẹ̀rí kejì ni gáàsì hílíọ̀mù. Bí àgbáyé bá gbóná tó bẹ́ẹ̀ lóòótọ́ nígbà kan, ìṣirò ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwúwo átọ́ọ̀mù gbogbo ló yẹ kó ti di hílíọ̀mù láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́. Iye yẹn náà la bá nínú gáàsì àtijọ́ tí iṣẹ́ ìràwọ̀ kò tíì yí padà púpọ̀.

Ẹ̀rí kẹta ló wọ̀ mí lọ́kàn jù. Ní 1948, Ralph Alpher àti Robert Herman ṣírò rẹ̀ pé ooru ìgbà ìwáṣẹ̀ náà kò lè parẹ́ tán, pé ìyókù rẹ̀ yóò ṣì wà káàkiri ojú ọ̀run, ní nǹkan bí dígírì 5 lórí ìwọ̀n Kelvin, níbi tí òdo ti jẹ́ òtútù tó pin pátápátá. Àwọn tó kà á sí kò pọ̀. Ní 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson ń lo áńtẹ́nà ńlá kan ní New Jersey, ni wọ́n bá gbọ́ ariwo kan tí kò lọ, ibi yòówù kí wọ́n kọjú áńtẹ́nà sí. Wọ́n lé ẹyẹlé tó ń gbé inú rẹ̀, wọ́n gbá ìgbẹ́ ẹyẹlé kúrò, ariwo ṣì ń dún. Ooru àtijọ́ yẹn ni. Sátẹ́láìtì COBE, tó gbéra ní 1989, wá wọ̀n ọ́n dáadáa, wọ́n sì mọ̀ lónìí pé dígírì 2.725 ni. Ẹni tó bá rántí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, tó máa ń hó ṣìì tí ojú rẹ̀ á sì máa jó dúdú-funfun lẹ́yìn tí NTA bá parí ètò alẹ́, ti rí díẹ̀ lára rẹ̀ láìmọ̀.

Àwọn fídíò ní ayé tẹ́ pẹrẹsẹ. Ṣé mo lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi ní Ifẹ̀ níbí?

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ọ̀pá kan àti tépù télọ̀ ti tó. Ilé-Ifẹ̀ wà ní nǹkan bí dígírì 7.5 sí àríwá agbedeméjì ayé. Nítorí náà, ní nǹkan bí ọjọ́ 9 oṣù Kẹrin àti ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, oòrùn máa ń wà gan-an lókè orí wa láàárín aago 12:40 sí 12:45 ọ̀sán. Ọ̀pá tó bá dúró ṣánṣán kì í ní òjìji ní ìṣẹ́jú yẹn. Lọ́jọ́ kan náà, ní Kánò tó wà ní dígírì 12, ọ̀pá tó ga ní mítà kan yóò ní òjìji sẹ̀ǹtímítà 7.9 nígbà tí oòrùn bá ga jù lọ níbẹ̀.

Ẹni tó gbà pé ayé tẹ́ lè sọ pé, "Oòrùn ló sún mọ́ wa, òun ló jẹ́ kí òjìji yàtọ̀." Ọ̀rọ̀ tó bọ́gbọ́n mu ni, ó sì yẹ ká bá a ṣírò rẹ̀ délẹ̀. Tí a bá wọ̀n ọ́n sí àríwá tààrà, Kánò fi nǹkan bí kìlómítà 500 jìnnà sí wa. Bí ilẹ̀ bá tẹ́, òjìji Kánò yẹn yóò gbé oòrùn sí nǹkan bí kìlómítà 6,300 lókè Ifẹ̀. Ẹ wá pe àbúrò yín tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kó wọn tirẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà: òjìji ọ̀pá mítà kan yóò tó sẹ̀ǹtímítà 97. Lọ́ńdọ̀nù fi nǹkan bí kìlómítà 4,900 wà ní àríwá wa. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́, ìyẹn gbé oòrùn kan náà sí nǹkan bí kìlómítà 5,050. Oòrùn kan ṣoṣo kò lè wà ní gíga méjì. Ṣùgbọ́n bí ayé bá rí róbótó, tí oòrùn sì wà lọ́nà jíjìn réré, òjìji ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára mu láìjẹ́ pé a tún nǹkan kan ṣe.

Bí ọ̀sán kò bá rọgbọ, ẹ dúró dalẹ́. Ìràwọ̀ Polaris kò ju dígírì 7.5 lọ lókè ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run ní àríwá Ifẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ yín, tí ẹ bá na apá gbọọrọ, ti bò ó. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ju dígírì 51 lọ. Ní Johannesburg, wọn kì í rí i rárá. (Ẹ má wá a nígbà ọyẹ́, kùrukùru kò ní jẹ́ kó hàn.) Ilẹ̀ tó tẹ́ kò ní ibi tí ìràwọ̀ kan lè wọ̀ sí, tí yóò pa mọ́ fún ará Johannesburg tí yóò sì máa tàn fún wa.

Ṣé kì í ṣe pé NASA ń pa òtítọ́ mọ́ fún wa?

NASA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run, nìkan kọ́ ló ń wo ibẹ̀. Ṣáínà àti Rọ́ṣíà, tí wọn kì í bá Amẹ́ríkà ṣe ọ̀rẹ́, ń wò ó. Íńdíà gbé ọkọ̀ ojú ọ̀run Chandrayaan-3 balẹ̀ nítòsí ìhà gúúsù òṣùpá ní 23 oṣù Kẹjọ 2023. Nàìjíríà pàápàá ti ní sátẹ́láìtì tirẹ̀ rí, NigeriaSat-1, tó gbéra láti Rọ́ṣíà ní oṣù Kẹsàn-án 2003. Àwọn ọmọ tó ń so díìṣì DStv mọ́ òrùlé ní Lágéré mọ̀ pé ojú kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń kọ sí. Sátẹ́láìtì kan ló wà níbẹ̀, ní nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè agbedeméjì ayé.

Nígbà tí òṣùpá bo oòrùn ní 29 oṣù Kẹta 2006, tí àwa náà níbí rí i bí oòrùn ṣe ń jẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ti tẹ ọjọ́ àti ìṣẹ́jú rẹ̀ jáde lọ́pọ̀ ọdún ṣáájú. Èyí tó ń bọ̀ ní 2 oṣù Kẹjọ 2027 yóò sọ ọ̀sán dòru fún ohun tó ju ìṣẹ́jú mẹ́fà lọ ní Luxor ní Íjíbítì. Ìṣirò rẹ̀ kì í ṣe awo. Ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ọ lè ṣe é.

Ìtàn wa ní Odùduwà ló dá ilẹ̀ sílẹ̀ ní Ifẹ̀. Ṣé físíìsì ń pè é ní irọ́ ni?

Físíìsì kò ní ohun tó máa fi wọ̀n ọ́n. Ìtàn ẹ̀wọ̀n tó rọ̀ wálẹ̀ láti òde ọ̀run, iyẹ̀pẹ̀ àti àkùkọ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún ń sọ fún wa bí a ṣe jẹ́ ara wa, ibi tí adé ti ṣẹ̀, ìdí tí ọ̀rọ̀ Ọbàtálá àti Odùduwà fi wà nínú ọdún tí wọ́n ń ṣe ní Ifẹ̀ títí dòní. Kò sọ fún wa pé dígírì báyìí ni ooru àgbáyé, kò sì lérí pé òun yóò sọ ọ́.

Ẹni tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu ìtàn yìí nítorí pé kò bá Big Bang mu ń ṣe àṣìṣe. Ẹni tó fẹ́ fi ṣe ẹ̀rọ wíwọn ooru náà ń ṣe irú àṣìṣe kan náà. Mo rọ ẹ̀yin olùkọ́ kí ẹ má fi ọmọ sí ipò tí yóò ti rò pé òun gbọ́dọ̀ kọ ilé òun sílẹ̀ kí òun tó lè kọ́ sáyẹ́ǹsì.

Wọ́n ní Ifá ti sọ ọ̀rọ̀ Big Bang tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni?

Ìmọ̀ ìṣirò wà nínú Ifá lóòótọ́. Ojú ọ̀nà mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, méjì-méjì ni ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà ṣubú, ìyẹn ló fi di odù 256. Irú ìṣirò eéjì yẹn náà ni kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ̀tọ́ wa ni láti fi yangàn.

Ọ̀rọ̀ Big Bang yàtọ̀. Bí ẹnìkan bá ka ẹsẹ Ifá lónìí tó sì rí àgbáyé tó ń fẹ̀ nínú rẹ̀, lẹ́yìn tí ìròyìn rẹ̀ ti kárí ayé, kò tíì fi hàn pé Ifá sọ ọ́ ṣáájú. Ohun kan náà là ń sọ fún àwọn tó ń fa ẹsẹ Bíbélì tàbí Kùránì yọ fún irú iṣẹ́ yìí. Ìwé tó bá sọ iye kan kedere kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n ni a lè kà sí ẹlẹ́rìí níbí. Ní tèmi, mo rò pé ó ń bu Ifá kù láti sọ ọ́ di ẹni tó ń tẹ̀lé ìwé ìròyìn lẹ́yìn.

Ṣé ayé kò ju 6,000 ọdún lọ ni?

Ó jù ú lọ fíìfíì. Nǹkan bí 4.54 bílíọ̀nù ọdún ni. Púpọ̀ nínú àpáta gíránáìtì tó wà káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà, títí kan èyí tó yọ sórí ilẹ̀ láàárín Ifẹ̀ àti Iléṣà, jẹ́ ti nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ẹ sì lè jáde síta ní alẹ́ oṣù Kọkànlá, níbi tí iná kò sí, kí ẹ wo gálásì Andromeda. Ojú lásán ń rí i bí èéfín fẹ́ẹ́rẹ́. Ìmọ́lẹ̀ tó wọ ojú yín ti wà lọ́nà láti nǹkan bí 2.5 mílíọ̀nù ọdún.

Báwo ni mo ṣe máa mọ àbá tó yapa yàtọ̀ sí àbá tuntun tó lè jẹ́ òótọ́?

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni iye. Kí ni àbá náà sọ pé a óò bá tí a bá wọ̀n ọ́n, tó yàtọ̀ sí ohun tí àbá àtijọ́ sọ? Lẹ́yìn náà, kí ni a lè rí tí yóò mú kí ẹni tó dá a fi í sílẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ "kò sí", a ti kúrò nínú sáyẹ́ǹsì.

Ìbéèrè kẹta ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ́ àrólé ní agboolé, àti dúkìá àti gbèsè ni yóò jọ jogún. Àbá tó bá fẹ́ gba ipò Big Bang gbọ́dọ̀ ṣàlàyé dígírì 2.725, hílíọ̀mù, pípọ́n ìmọ́lẹ̀ àti bí àwọn gálásì ṣe ń yí padà bí a ṣe ń wo ọ̀nà jíjìn, gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àwọn fídíò máa ń mú ẹyọ kan tó ṣòroó yé, wọ́n á sì dákẹ́ lórí ìyókù.

Àbá lè kùnà kó má sì ní ìtìjú nínú. Ní 1948, Fred Hoyle, Hermann Bondi àti Thomas Gold ní àgbáyé kò níbẹ̀rẹ̀, pé bó ṣe rí lónìí ló ṣe rí láéláé. Àbá tó mọ́ ni, ẹ lè dán an wò. Nígbà tí Martin Ryle ka àwọn orísun ìgbì rédíò ojú ọ̀run ní Cambridge, èyí tó jìnnà pọ̀ ju bí àbá náà ṣe gbà lọ. Ooru tí Penzias àti Wilson kéde ní 1965 ló wá parí ọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ onímọ̀. Hoyle kò gbà títí tó fi kú ní 2001. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1957, nípa bí ìràwọ̀ ṣe ń ṣe èròjà bíi kábọ́ọ̀nù àti irin, ṣì dúró gbọn-in.

Ṣé kì í ṣe pé ó kàn rẹ ìmọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà ni, tó fi pọ́n?

Fritz Zwicky ló dá àbá yìí ní 1929, ọlọ́gbọ́n èèyàn sì ni. Ìràwọ̀ tó ń bú ló tú u fó. Irú ìràwọ̀ kan wà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá bú, ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń mọ́, á sì rọlẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lọ́nà tí a mọ̀. Àwọn tó jìnnà ń gba àkókò tó gùn ju èyí lọ, bí ìmọ́lẹ̀ wọn bá sì ṣe pọ́n tó ni àkókò náà ṣe ń gùn tó. Níbi tí ìgbì ìmọ́lẹ̀ ti di ìlọ́po méjì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta di mẹ́fà. Àárẹ̀ lè gba agbára lọ́wọ́ ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè fa ọ̀sẹ̀ gùn. Àlàfo tó ń fẹ̀ ń ṣe méjèèjì.

Àwọn kan ní iná mànàmáná ló ń gbé oòrùn ṣiṣẹ́, pé "Electric Universe" ló tọ̀nà. Kí lẹ rí sí i?

Iná mànàmáná pọ̀ lójú ọ̀run lóòótọ́, kò sí onímọ̀ tó sẹ́ ẹ. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìta ni agbára oòrùn ti ń wá, pé átọ́ọ̀mù kò pa pọ̀ di ọ̀kan nínú rẹ̀. Èyí ṣeé dán wò. Bí háídrójìn bá ń di hílíọ̀mù nínú oòrùn, àwọn ohun kékeré tí à ń pè ní neutrino gbọ́dọ̀ máa tú jáde, nǹkan bí 60 bílíọ̀nù láti gba inú èékánná àtàǹpàkò yín kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni Raymond Davis ti ń ká wọn mọ́ inú ihò kùsà kan ní Amẹ́ríkà, ìdá mẹ́ta kan iye tí ìṣirò sọ ló sì ń rí. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, àwọn alátakò ń tọ́ka sí àìpé yẹn, ó sì tọ́ sí wọn láti tọ́ka sí i. Ní 2001 àti 2002, ilé ìwádìí SNO ní Kánádà fi hàn pé iye náà pé: àwọn neutrino ń yí padà láti irú kan sí òmíràn lójú ọ̀nà, ẹ̀rọ Davis sì ń rí irú kan ṣoṣo. Takaaki Kajita àti Arthur McDonald gba ẹ̀bùn Nobel lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2015. Láti ìgbà náà, n kò tíì rí ibi tí àwọn onímànàmáná ti fi ìṣirò wọn sọ iye neutrino tó yẹ ká bá.

Ṣé "dark matter", ohun àìrí tí wọ́n ní ó wúwo lójú ọ̀run, kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn dá sílẹ̀ láti fi bo àṣìṣe?

Ìbéèrè tó dáa nìyí, nítorí ẹnikẹ́ni kò tíì mú un lọ́wọ́. Zwicky yìí kan náà ló ṣàkíyèsí ní 1933 pé àwọn gálásì kan ń sáré ju bí ìwúwo tí a ń rí ṣe lè dá wọn dúró lọ. Ní àwọn ọdún 1970, Vera Rubin bá irú rẹ̀ létí àwọn gálásì. Ọ̀nà méjì ló wà: bóyá ohun tó wúwo kan wà tí a kò rí, bóyá òfin òòfà, agbára tó ń fa àwọn ohun tó wúwo mọ́ra, ló yàtọ̀ sí bí a ṣe mọ̀ ọ́n.

Mordehai Milgrom mú ọ̀nà kejì ní 1983, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á mọ́ àwọn onífídíò. Àbá rẹ̀ ń sọ iye, ó sì ń bọ́ sí i dáadáa nínú gálásì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ọ̀pọ̀ gálásì bá kóra jọ sí ló ti ń kọsẹ̀. Ní 2006, wọ́n wo irú agbo gálásì méjì tó forí gbárí, tí wọ́n ń pè ní Bullet Cluster: gáàsì, tó ní ìwúwo jù nínú ohun tí ojú rí, wà láàárín, ṣùgbọ́n ibòmíràn ni òòfà ti ń tẹ ìmọ́lẹ̀. Ó ṣòro gan-an láti ṣàlàyé èyí láìsí ohun àìrí kan níbẹ̀.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2017 ni ọjọ́ tó ya ọ̀pọ̀ àbá sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn ẹ̀rọ LIGO àti Virgo, tó ń gbọ́ ìgbì òòfà, gbúròó ìràwọ̀ neutron méjì (òkú ìràwọ̀ tó fún mọ́ra pinpin) tó forí sọ ara wọn, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún nǹkan bí 130 mílíọ̀nù ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn rẹ̀, sátẹ́láìtì Fermi rí ìtànṣán rẹ̀. Lẹ́yìn ìrìn 130 mílíọ̀nù ọdún, àáyá méjì kò pé láàárín ìgbì òòfà àti ìmọ́lẹ̀. Àwọn àbá tó ní eré òòfà yàtọ̀ sí eré ìmọ́lẹ̀, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n gidi ti fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí, kú lọ́jọ́ náà. Wọ́n sin wọ́n láìjà. Nínú ìmọ́lẹ̀ ìforígbárí yẹn náà ni àmì ti hàn pé irú ibẹ̀ ni èròjà wúwo ti ń ṣẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú góòlù tí wọ́n ń wà ní Itagunmodi, nítòsí Iléṣà, ti irú ibẹ̀ wá kí ayé tó wà.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní òun ti fi hàn pé Einstein ṣìnà. Ṣé a lè gbà á gbọ́?

Ẹ bi í léèrè bí máàpù orí fóònù rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Aago inú àwọn sátẹ́láìtì GPS ń fi nǹkan bí 38 nínú mílíọ̀nù ìdá àáyá kan yá ju ti ilẹ̀ lọ lójoojúmọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Einstein ṣe sọ. Tí wọn kò bá tún un ṣe, àṣìṣe yóò máa fi nǹkan bí kìlómítà 10 pọ̀ sí i lójúmọ́ kan; ẹni tó ń lọ Òpópónà Ìbàdàn yóò bá ara rẹ̀ nínú igbó. Bí ọ̀gbẹ́ni náà bá lè fi ìṣirò tirẹ̀ rí 38 yẹn, ẹ jókòó tì í. Bó bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, inú wa á dùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà la ó bi í.

Wọ́n ní tẹlisíkóòpù James Webb ti fi hàn pé Big Bang kò ṣẹlẹ̀.

Tẹlisíkóòpù náà gbéra ní 25 oṣù Kejìlá 2021, ó sì rí àwọn gálásì tó mọ́lẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ ní ìgbà àárọ̀ àgbáyé. Ọ̀kan tí wọ́n kéde ní 2024, JADES-GS-z14-0, ti ń tàn nígbà tí àgbáyé kò tíì pé 300 mílíọ̀nù ọdún. Ohun tí èyí mì ni òye wa nípa bí gáàsì ṣe ń yára di ìràwọ̀, iṣẹ́ sì ń lọ lórí rẹ̀. Kò fọwọ́ kan ooru 2.725 tàbí hílíọ̀mù.

Ẹ tún kíyè sí ohun tí àwọn fídíò kì í sọ. Àwọn gálásì àtijọ́ náà kéré ju tòní lọ, èròjà wúwo inú wọn kò sì tó nǹkan. Bí àgbáyé kò bá níbẹ̀rẹ̀, kí ló dé tí wọ́n fi jọ ọmọdé?

Wọ́n fi Galileo náà ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu àwọn alátakò mọ́ nìyí?

Galileo ní ohun tó lè fi han ọ̀tá rẹ̀: ní 1610, ó rí àwọn òṣùpá tó ń yí Júpítà po, ẹni tó bá sì ní tẹlisíkóòpù lè wò ó. Ọ̀rọ̀ Alfred Wegener sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ní 1912, ó ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà àti Bràsíìlì ti so mọ́ra rí. Wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí kò lè sọ agbára tó yà wọ́n. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n wọn àmì òòfà irú ti mágínẹ́ẹ̀tì nínú ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n sì gbà. Àpáta irú tiwa níbí ń bá a lọ ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì títí di òní.

Àwọn tó dojú ohun tí a mọ̀ rú kì í sì í sábà jìyà. Ní 1998, ẹgbẹ́ méjì kéde pé àgbáyé ń yára fẹ̀ sí i, nígbà tí gbogbo èèyàn ń retí pé yóò máa fà sẹ́yìn. Nobel ni wọ́n gbà ní 2011. Ní ọdún 2011 yẹn náà, ẹgbẹ́ OPERA ní Ítálì tẹ̀ ẹ́ jáde pé neutrino ń sáré ju ìmọ́lẹ̀ lọ, wọ́n sì ní kí gbogbo ayé bá wọn wá àṣìṣe. Wáyà kan tí wọn kò so le dáadáa ló fà á.

Àwọn onímọ̀ gan-an kò fẹnu kò lórí bí àgbáyé ṣe ń fẹ̀ tó. Ṣé kò já sí pé gbogbo rẹ̀ ti dàrú?

Òótọ́ ni pé wọn kò fẹnu kò. Ìwọ̀n tí sátẹ́láìtì Planck rí láti ara ooru àtijọ́ ń fúnni ní nǹkan bí 67. Ti àwọn tó ń wo ìràwọ̀ nítòsí, bíi Adam Riess, jẹ́ nǹkan bí 73. Kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan ni, fún ọ̀nà jíjìn kan tí wọ́n jọ ń lò. Àlàfo náà kò lọ, àwọn méjèèjì sì dá ara wọn lójú. Iṣẹ́ DESI, ìwádìí tó ń ya máàpù àwọn gálásì, tó jáde ní 2024 àti 2025 tún ń fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí agbára tó ń ti àgbáyé máa yí padà bí àkókò ṣe ń lọ. Bí ó bá dúró, apá kan nínú ohun tí a ń kọ́ ọmọ yóò yí padà.

Ẹ wo bí àríyànjiyàn náà ṣe kéré tó ná. Láàárín 67 àti 73 ni wọ́n ń jà sí. Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n tó bá òdo, kò sì sí ẹni tó bá a tí àgbáyé ń sún kì. Ẹni tó bá fò láti orí ìjà yìí bọ́ sórí ayé pẹrẹsẹ ti fo odò ńlá kan láìwo ìsàlẹ̀.

Mo ní àbá tèmi. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣirò, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní iye nínú. Ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi rí ohun tí a ti mọ̀: 38 ti GPS, 2.725, ìdá mẹ́rin hílíọ̀mù. Ọ̀fẹ́ ni èsì Planck àti ti Sloan Digital Sky Survey lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tí Cambridge ń lò náà lẹ ó lò. OAU ní ẹ̀ka físíìsì, ibùdó ARCSSTE-E tó ń kọ́ni nípa sáyẹ́ǹsì ojú ọ̀run sì wà nínú ọgbà náà. Ẹ bá ẹni tó lè tako yín pàdé kí ẹ tó lọ bá ẹni tó máa pàtẹ́wọ́.

Ẹ sá fún jọ́nà (ìwé tó ń tẹ ìwádìí jáde) tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun tẹ iṣẹ́ yín jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan láìsí àyẹ̀wò. Owó yín ni wọ́n ń wá. Ó ń dùn mí láti rí ọmọ tó ní làákàyè tó ná owó iléèwé rẹ̀ sí irú ibẹ̀.

Kí ló wà ṣáájú Big Bang?

Ìṣirò tí a ní kò dé ibẹ̀. Tí a bá ń padà sẹ́yìn, a ó dé ibi tí tíọ́rì òòfà Einstein àti físíìsì àwọn ohun kékeré gbọ́dọ̀ pàdé, wọn kò sì tíì bára mu. Àwọn kan ní àgbáyé fẹ̀ lójijì ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Roger Penrose, tó gba Nobel ní 2020 lórí ihò dúdú, ní àgbáyé mìíràn ló ṣáájú tiwa. Ní 2010, òun àti Vahe Gurzadyan ní àwọn ti rí àmì rẹ̀, àwọn òrùka kan nínú ooru àtijọ́. Ẹgbẹ́ mìíràn fi kọ̀ǹpútà ya ojú ọ̀run tí kò ní ṣáájú kankan, wọ́n sì rí irú òrùka bẹ́ẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Orúkọ ńlá Penrose kò dá ẹnikẹ́ni dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn tó wà lápá kejì náà kò bọ́ níbẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2014, ẹgbẹ́ BICEP2 kéde láti ìpẹ̀kun gúúsù ayé pé àwọn ti rí ipa ìfẹ̀ òjijì yẹn. Ìròyìn náà tàn ká. Kí ọdún tó ń bọ̀ tó rìn jìnnà, àwọn fúnra wọn, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ Planck, ti tẹ̀ ẹ́ jáde pé eruku inú gálásì tiwa ló fa èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n rí. Wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ tó lágbára ju tàkọ́kọ́ lọ láti ìgbà náà, ibẹ̀ kan náà ni wọ́n sì tún ń wò.